Ìsàlẹ̀ Táǹkì Tí Mi Ò Kùn

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ pa ẹnu yín mọ́ kí ẹ gbọ́ tèmi, nítorí dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró mi ti mu ọ̀dà ju ògiri lọ, mi ò sì ní gbé irọ́ ọdún mẹ́sàn-án wọ inú ilẹ̀. Èmi tí ẹ ń pè ní Ìyá Ọ̀dà ni mo ba orúkọ àbúrò mi jẹ́, kì í ṣe iná tó fi ń jó irin pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pòṣé, kó pòṣé. Mo ti gbọ́ èyí tó jù ú lọ.

Mi ò lọ ilé ìwé. Agolo mílíìkì ló kọ́ mi ní ìṣirò. Mo bó bébà ara rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó di onígun mẹ́rin gbọọrọ: gígùn bébà ni àyíká agolo, ìbú rẹ̀ ni gíga agolo. Ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, ara agolo nìyẹn. Ṣùgbọ́n bébà kì í bo orí àti ìdí. Róbótó méjì yẹn, ọ̀tọ̀ lẹ máa wọn wọ́n, kí ẹ tó rò ó mọ́ ọn. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí mo ti mọ èyí. Àfi ìgbà tó di ọjọ́ táǹkì irin ilé búrẹ́dì, tí àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, jó pọ̀: fífẹ̀ rẹ̀ mítà méjì, gíga rẹ̀ mẹ́ta. Ẹnjiníà tó ń bójú tó iṣẹ́ náà gbé agolo ọ̀dà mẹ́ta wá fún inú rẹ̀. Mo wò ó, mo rí i pé ara nìkan ló ṣírò. Ara gba mẹ́ta. Orí àti ìsàlẹ̀ á gba ọ̀kan sí i. Mo ní, "Ọ̀gá, ó ku agolo kan o." Ó rẹ́rìn-ín lójú gbogbo èèyàn: "Ìyá Ọ̀dà, búrọ́ọ̀ṣì ni tiyín, ìṣirò ni tèmi. Àbí ẹ̀yin náà ti di ẹnjiníà?" Àwọn òṣìṣẹ́ hó yèè.

Ó dáa. Ká ní mo kàn dákẹ́ ni, ẹ̀ṣẹ̀ mi ì bá kéré. Mo na ọ̀dà náà kó lè dé orí. Ìsàlẹ̀ ò rí nǹkan kan. Ni mo bá mú àjẹkù ọ̀dà ògiri tí àwọ̀ wọn bára mu, èyí tí omi ń fọ̀ dànù, mo fi bo ojú rẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé kí ìpẹtà máa jẹ ẹ́, ọjọ́ tó bá jò, a ó mọ ẹni tó mọ ìṣirò. Àbúrò mi yọjú láti òkè: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìsàlẹ̀ ti gbà á dáadáa?" Mo ní, "Ó ti mu yó."

Ọdún kejì, ìsàlẹ̀ já lọ́sàn-án gangan, omi gbá ìyẹ̀fun àti ààrò lọ. Ẹnjiníà dúró lóòkán, ó ní ẹni tó jó o ni ò mọṣẹ́. Ẹ̀wù ìtìjú tí mo rán fún ẹnjiníà, àbúrò mi ló wọ̀ ọ́. Ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ẹgbẹ́, ẹ sọ ọ́ ní Ọ̀gá Ajere. Ẹnikẹ́ni ò gbé ilẹ̀kùn lásán fún un jó mọ́. Èmi ni wọ́n sì pè láti kó àwókù. Mo rí awẹ́ irin ìsàlẹ̀: ojú ibi tí àbúrò mi jó ṣì lẹ̀ pinpin, àárín irin ni ìpẹtà lu bí ajere. Mo fi àpò wé e, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ kẹta, àbúrò mi wá, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn gan-an. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ kúrò nínú ẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí?" Irin wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Mi ò rí nǹkan kan. Lọ tún ọwọ́ rẹ ṣe." Èèyàn burúkú ni mí níjọ́ náà, mi ò wá àwáwí.

Irin náà nìyí lórí tábìlì. Ẹnjiníà, jókòó, mi ò tíì parí! Mi ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́, mi ò bẹ ẹ̀yin náà: ta ló béèrè irin yìí wò nínú yín? Ẹ mú bírò, ẹ kọ orúkọ àbúrò mi padà síbi tí ẹ ti pa á rẹ́, báyìí, lójú mi. Àbúrò mi nìkan ni mo kúnlẹ̀ fún. Ọmọ ìyá mi, dárí jì mí. Bí o ò bá lè ṣe é, má ṣe é. Ṣùgbọ́n ìwọ ni kí o jó pósí mi, irin ni mo fẹ́. Ẹ̀yin ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, ẹ̀yin ni kí ẹ kùn ún. Ojú mẹ́fà ni àpótí ní, méjì méjì ló dọ́gba. Ẹ ka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kùn.