Omi Òjò Tí Mo Fi Yẹ Edé Ìyá Mi Wò

Ìyá kan wà ní Ugbónlá, létí òkun Ìlàjẹ, tí ó dé àkókò kan tí kò gba imú ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Nígbà kan rí, bí ọkọ̀ apẹja bá ṣì wà lójú omi, tí afẹ́fẹ́ sì fẹ́ wá láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò sọ fún ọ bóyá edé àná ni wọ́n kó bọ̀ tàbí ti òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ó wá di pé bí ó bá fẹ́ se ọbẹ̀, yóò bu edé sí àtẹ́lẹwọ́, yóò nà án sí aládùúgbò rẹ̀, yóò ní, “Ẹ bá mi gbọ́ òórùn eléyìí wò, ṣé kò tíì bàjẹ́?” Èmi ni mo sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. N kò fi oògùn ṣe é, n kò sì fi ọwọ́ kàn án. Àwo kékeré méjì, omi díẹ̀, àti irọ́ kúkúrú kan ni mo fi ṣe é. Ìyá náà kì í sì í ṣe àjèjì sí mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá tí ó bí mi ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo lò láyé tí ìyá mi fi kú, ọmú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo sì mu dàgbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin elédé, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Elédé, òun náà ni ó sì rán mi lọ sí yunifásítì, níbi tí mo ti kọ́ ìmọ̀ kẹ́mísírì. Ẹni jẹ́jẹ́ ni mí. Mo máa ń yẹ ọ̀rọ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó gbà á gbọ́, àwọn ọ̀rẹ́ mi a sì máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé bí wọ́n bá kí mi káàárọ̀, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ojú oòrùn. Nígbà tí mo ṣe tán, mo rí iṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò kékeré kan létí èbúté, níbi tí ilé iṣẹ́ kan ti ń gba edé tútù inú yìnyín lọ́wọ́ àwọn obìnrin wa. Èmi ni mo ń sọ èyí tí ó dára àti èyí tí kò dára. Obìnrin tí edé rẹ̀ bá bàjẹ́, wọ́n á dà á nù lójú gbogbo èrò, orúkọ rẹ̀ á sì kúrò nínú ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ti rí, nítorí inú rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Bí edé bá ń bàjẹ́, ó máa ń tú ooru kan sílẹ̀ tí ojú kò rí, tí a ń pè ní amóníà. Ìbátan ohun tí ń ta ènìyàn nímú nínú ilé ìtọ̀ ni. Láti mọ bí ó ti pọ̀ tó, a ó lọ edé, a ó pò ó mọ́ omi, a ó sẹ́ ẹ. A ní àwo pẹlẹbẹ kan tí ó ní kòtò kékeré láàárín, tí yàrà sì yí kòtò náà ká. Inú yàrà ni omi edé ń wọ̀, pẹ̀lú èròjà tí yóò lé amóníà jáde. Inú kòtò ni ásíìdì tí kò lágbára wà, tí a fi aró díẹ̀ sọ di pupa, tí ń dúró dè é. A ó fi ìpara lẹ ìdérí rẹ̀ pa kí afẹ́fẹ́ má bàa jáde, a ó sì fi í sílẹ̀. Láìsí ẹni tí ó tì í, amóníà yóò gbéra nínú yàrà, yóò gba inú afẹ́fẹ́ lọ sínú kòtò, omi pupa tí ó wà níbẹ̀ yóò sì di àwọ̀ ewé. Nígbà náà ni a ó máa kán ásíìdì mìíràn sí i, ẹ̀kán kan tẹ̀lé òmíràn, títí àwọ̀ pupa yóò fi padà. Iye tí a kán ni yóò sọ bí edé ti bàjẹ́ tó. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí a kì í fò: àwo kan gbọ́dọ̀ wà tí a kò ní fi edé sí rárá, omi lásán ni, kí a lè mọ̀ bóyá àbùkù wà lára omi fúnra rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, edé ìyá mi nìkan ni ó kù tí a kò tíì yẹ̀ wò. Ọkọ̀ akẹ́rù ti tan ẹ́ńjìnnì, dírẹ́bà ń pariwo pé yìnyín ń yọ́. Omi tí a máa ń sè, tí a sì ń gba ooru rẹ̀ padà kí ó lè mọ́ pátápátá, ti tán. Èyí tí ó ṣẹ́kù kò ju ohun tí a lè fi sínú kòtò àárín lọ. Kí ni mo ṣe? Mo bu omi òjò nínú táńkì ẹ̀yìnkùlé, mo fi po edé. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé etí òkun lè máa yà á sí ìwà òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí a ti bí mi, iyọ̀ ni omi iwájú ilé, epo rọ̀bì ni ó bo ti ẹ̀yìn ilé. Omi òjò ni a fi ń ro oúnjẹ, òun ni a fi ń wẹ ọmọ tuntun, òun ni a ń gbé fún àlejò. Kò sí omi tí ó mọ́ jù ú lọ lọ́kàn ọmọ Ìlàjẹ. Ìwé tí mo kà kò dé ibi tí ìgbàgbọ́ yẹn fi ara pamọ́ sí. Àwo méjì péré ni ó sì kù tí ìdérí wọn kò sán. Méjèèjì ni mo fi edé sí. N kò ṣe ti omi lásán.

Àwo méjèèjì yí padà sí àwọ̀ ewé tí ó dúdú. Mo kán ásíìdì títí. Ó kọjá ààlà dáadáa. Mo tún gbé edé náà sí imú: òórùn òkun ni, ó mọ́, kò ní ẹ̀gbin kankan. Imú mi ní ó dára, àwo ní ó ti bàjẹ́. Mo sọ fún ara mi pé àwo méjì kò lè parọ́ papọ̀. Áà! Mo gbàgbé pé ẹlẹ́rìí méjì tí ó mu nínú omi kan náà, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni wọ́n.

Ọ̀gá wa, ọkùnrin tútù kan tí wọ́n gbé wá láti òkè, wo ìwé mi, ó gbójú sókè. “Ti ìyá rẹ kọ́ nìyí?”

“Tiwọn ni, sà.”

“O ṣe ti omi lásán?”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí àwọn ènìyàn ti ń sọ pé edé ìyá mi kì í kùnà nítorí pé ọmọ rẹ̀ ni adájọ́. Bí mo bá ní n kò ṣe é, ṣé wọn kò ní sọ pé mo ń wá àwáwí fún un? Mo fẹ́ jẹ́ olódodo lójú ayé, mo sì fi irọ́ ra á. “Mo ti ṣe é, sà,” ni mo wí. Ó fọwọ́ sí i.

Wọ́n da edé náà sínú omi létí èbúté. Ìyá mi dúró, ó ká apá mọ́ àyà. Obìnrin kan láti ẹ̀yìn ké sí i pé, “Ìyá Elédé, ṣé ti ìjẹta lẹ fi yìnyín bò mọ́lẹ̀ ni?” Òmíràn ní, “Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre! Ọmọ tí wọ́n rán níwèé ti kàwé náà fún wọn.” Ẹ̀rín sọ. Ìyá mi yíjú sí mi, ó rọra bi mí pé, “Ọma mi, o gbọ́ òórùn rẹ̀?” Mo ní, “Àyẹ̀wò ló sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá.” Ó mi orí. “Ó dáa. Bóyá imú mi ti darúgbó.”

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, omi tí ó mọ́ dé. Iyèméjì tí kì í jẹ́ kí n sùn mú mi padà sí ìdí táńkì. Mo fi omi òjò lásán sínú àwo, láìsí edé, mo sì jókòó tì í. Ojú mi ni pupa ṣe di àwọ̀ ewé. Mo gun àkàbà lọ wo orí páànù: ìgbẹ́ àwọn ẹyẹ tí ń ṣọ́ ẹja ní èbúté ti bo gbogbo rẹ̀ funfun, inú táńkì wa ni òjò sì ti ń fọ̀ ọ́ sí. Edé ìyá mi kò ní ẹ̀bi kankan.

Ṣé mo lọ bá ọ̀gá mi? N kò lọ. Mo da omi táńkì nù, mo sì dákẹ́. Oṣù wọ oṣù. Títí di ọjọ́ tí mo lọ kí ìyá mi, tí mo bá a lẹ́nu ọ̀nà tí ó na edé sí aládùúgbò kí ó bá a gbóòórùn rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí pákó ilé náà, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, láti orí omi òjò dé orí irọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó wí ni pé, “Edé mi dára?”

“Ó dára, Ìyá.”

“Imú mi kò ṣì mí?”

“Kò ṣì yín rárá.”

Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Mo ní n óò lọ jẹ́wọ́ níwájú ọ̀gá mi àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin elédé. Kíá ni ó nu ojú rẹ̀. “Kí wọ́n lé ọ níṣẹ́? Kí wọ́n pè ọ́ ní onírọ́ níbi tí mo ti tọ́ ọ dàgbà? Èmi ti darúgbó, orúkọ mi kò lọ ibì kankan mọ́.” Mo ń jiyàn. Ni ó bá di ọmú rẹ̀ méjèèjì mú, ó wò mí lójú. “Ọmú tí mo fún ọ mu nìyí. Bí o bá la ẹnu sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn, kí ó bi ọ́.”

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá mọ bí gbólóhùn yẹn ti wúwo tó. Mo ti kàwé, mo lè sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò tíì gbé mi dé ọ́fíìsì ọ̀gá mi láti ọjọ́ náà. Nígbà mìíràn mo máa ń bi ara mi pé ṣé ìbẹ̀rù ọmú ni, tàbí ojo tí ó rí ibi sá sí. Àwọn obìnrin elédé yóò ṣe ìpàdé ní ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀, wọ́n fẹ́ yan ẹlòmíràn sí ipò olórí ẹgbẹ́ dípò ìyá mi títí láé. Bí mo bá dákẹ́, mo gbọ́ràn sí ìyá mi lẹ́nu, mo sì sin orúkọ rẹ̀ láàyè. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo gbèjà rẹ̀, mo sì tẹ ọmú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ́ ìyá àti bàbá, ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ọjọ́ ọjà náà tó pé: èwo nínú méjèèjì ni ọmọ tí ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ yóò ṣe?