Omi Tí Mo Fọ̀ Lára Ìwé Àdúrà

Nígbà tí mo wà ní ìyàwó ọ̀ṣìngín, ẹ̀yin ọmọ mi, ilé àwọn Sísítà ìjọ Àgùdà ní Yábàá ni mo ti ń gbálẹ̀. Ẹ gbọ́... ṣé ẹ mọ̀ pé òyìnbó náà ti fi ọwọ́ kọ ìwé rí?

Sísítà àgbà kan wà níbẹ̀, ará Faransé. Wọ́n ní ìwé àdúrà kan, kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Awọ ọmọ màlúù ni ojú ìwé rẹ̀. Ayé àtijọ́ pátápátá ni wọ́n ti fi ọwọ́ kọ ọ́, lọ́hùn-ún nílùú wọn. Wúrà gidi wà lára rẹ̀, ó fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Sísítà ní ẹni tó ń lẹ wúrà náà á kọ́kọ́ mí èémí gbígbóná sójú ibẹ̀, hàà... kó tó lè mú. Èémí ẹni tí a ò mọ orúkọ rẹ̀! Tí mo bá ń nu tábìlì, á dà bíi pé ìwé yẹn ń mí. Búlúù rẹ̀ ńkọ́? Bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò.

Lọ́jọ́ kan, ibà mú ẹ̀gbọ́n yín, Músá. Ọmọ oṣù mẹ́jọ! Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Mo pọ̀n ọ́n wá síbi iṣẹ́, ọkàn mi ò sí nílẹ̀.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé ààfáà ni bàbá mi ní Mushin. Tí ara wa ò bá yá, wọ́n á kọ Kùránì sára wàláà, pákó ìkọ̀wé wọn, wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́, a ó mu omi náà. Mo wá rò ó... bí pákó lásán bá ń wo ibà, mélòó-mélòó ni ìwé oníwúrà! Ti Àgùdà ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àdúrà ṣáà ni.

Mo ṣí ìwé. Mo da omi sí i, mo fi ìka fọ̀ ọ́. Búlúù ṣàn, pupa ṣàn, mo jẹ́ kó ro sínú kọ́ọ̀bù. Ó kù díẹ̀ kó kan ẹnu ọmọ...

"Ìyá Músá! Kí lo fẹ́ fún un mu?"

"Àdúrà inú ìwé yín ni, Sísítà."

Wọ́n gbá kọ́ọ̀bù dànù. "Májèlé ni wọ́n pò mọ́ àwọ̀ yẹn!"

Wọn ò tilẹ̀ wo ìwé wọn o. Ọmọ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, ó di ọsibítù. Abẹ́rẹ́ ló gbà á là.

Nígbà tí a padà dé, mo kúnlẹ̀, mo ń sunkún nítorí ìwé. Wọ́n fi àwòrán ìyá kan tó gbé ọmọ hàn mí nínú rẹ̀. Ojú ìyá náà ti pa rẹ́.

"Àwọn abiyamọ ayé ijọ́un ló fẹnu kò ó títí tó fi pa rẹ́," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ nìkan lo fẹ́ mu ún!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Hmm... Orí fóònù lẹ ti ń ka àdúrà báyìí. Ẹ fọwọ́ nù ún títí, kò sí àwọ̀ tó máa ṣàn jáde. Ẹ jọ̀ọ́, kí kọ́ọ̀bù tó kan ẹnu ọmọ, ẹ máa béèrè. Ìfẹ́ nìkan ò lè dá májèlé mọ̀.

Músá ti hewú o. Síbẹ̀, tó bá wúkọ́ lásán, ọwọ́ mi á ti wà níwájú orí rẹ̀, kí n tó rántí pé bàbá àgbà ni.