Ká Mu Omi Ká Tó Wo Géèjì

Alága ìjókòó, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó sábẹ́ fáànù tó ń ṣiṣẹ́, mo kí yín. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sábẹ́ èyí tí kò ṣiṣẹ́, ẹ kú ìfaradà. Olùdarí wa, mo júbà. Ọ̀gá iléeṣẹ́ kẹ́míkà, ẹ̀yin tí mo ti ti kànga yín pa rí, tí ẹ sì tún gbé aago ògiri ńlá wá ta mí lọ́rẹ, ẹ ṣeun. Mo mọ ohun tí aago ń sọ fún ẹni tó ń fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin aládùúgbò kànga, ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí gbogbo yín pátá.

Nígbà tí ọmọbìnrin mi tó jókòó níwájú yìí wà ní kékeré, olùkọ́ rẹ̀ bi í pé iṣẹ́ wo ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ó ní, "Bàbá mi ń wo nǹkan tí kì í mì." Kò purọ́.

Iléeṣẹ́ tó ń po kẹ́míkà á ní omi ẹ̀gbin tó lè pààyàn. Kò ṣeé dà sódò, kò ṣeé dà sójú títì. Wọ́n á gbẹ́ kànga tó jìn kọjá omi tí à ń mu, kọjá àpáta tó nípọn, wọ́n á sì ti oró náà sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀. Páìpù tó ń gbé e lọ wà nínú páìpù mìíràn, sìmẹ́ǹtì sì yí ti ìta ká. Omi tí a há mọ́ àárín páìpù méjèèjì ni géèjì orí ilẹ̀, ẹ̀rọ tó ń wọn ipá omi, ń bá wa ṣọ́. Bí ọwọ́ géèjì bá dúró jẹ́ẹ́, àlàáfíà ni. Bó bá já wálẹ̀, páìpù kan ti lu. Èmi ni ìjọba ní kí n máa wo ọwọ́ yẹn, títí irun mi fi funfun. Wọ́n ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Èmi, ìtòsí ni mo ti wò ó.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, ní òfin kan tí kò sí nínú ìwé kankan. Wọ́n ní, "Kí o tó wo géèjì, lọ mu omi nílé tó sún mọ́ kànga jù. Bí o kò bá lè mu omi wọn, kí lo wá ń ṣọ́?" Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn: omi lákọ̀ọ́kọ́, géèjì lẹ́yìn.

Ilé tó sún mọ́ kànga tèmi, ilé aránṣọ ni. Ìyá Télọ̀ ni àdúgbò ń pè wọ́n. Àwọn ló jókòó lẹ́bàá fèrèsé lọ́hùn-ún yẹn, tí wọ́n ń ṣe bíi pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ni mò ń sọ. Ife irin aláwọ̀ ewé kan wà, tí ẹnu rẹ̀ ti họ níbì kan. Orí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà ló ń gbé. Bí mo bá ti ń dé, ẹ̀rọ ìránṣọ á dákẹ́.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Géèjì. Ṣé ilẹ̀ ṣì pa ẹnu rẹ̀ mọ́?"

"Ó pa á mọ́, ìyá. Ó gbọ́n ju àwa èèyàn lọ."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rọ á tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá àwọn ọmọ mi ti lọ sinmi nígbà náà. Ọkọ Ìyá Télọ̀ náà ti ṣaláìsí. Nílé tèmi, kò sẹ́ni tó ń dá ẹ̀rọ kankan dúró nítorí pé mo wọlé.

Awakọ̀ wa ló kọ́kọ́ fura. Ó ní, "Ọ̀gá, àwọn kànga yòókù kì í ṣàìsàn. Ti ẹ̀bá ilé télọ̀ yìí nìkan ni ara rẹ̀ kì í yá, tí a fi ń wá wò ó lemọ́lemọ́." Mo ní kó máa wa mọ́tò ẹ̀.

Ọjọ́ wá dé tí ọwọ́ géèjì já. Mo ti mu omi tán, bí ìṣe wa. Ìyá Télọ̀ náà ti mu tiwọn. Mo dé ìdí kànga, ọwọ́ géèjì ti sùn sílẹ̀. Máníjà ibẹ̀ ní, "Ọ̀gá, géèjì yẹn ló ń ṣe wèrè, ẹ gbá a díẹ̀." Mo gbá a. Ó tún wálẹ̀ sí i. Mo ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ, kí wọ́n ti kànga. Àwọn awakọ̀ tánkà omi ẹ̀gbin tó tò sẹ́nu géètì ṣépè fún mi débi pé mo rò pé wọ́n mọ bàbá mi. Mo sáré padà.

"Ìyá Télọ̀, ẹ má mu omi yẹn mọ́ o!"

"Èyí tó ti wà nínú mi ń kọ́?"

"Ó wà nínú tèmi náà."

Wọ́n wò mí, wọ́n ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. "Ó dáa nígbà náà. Mo ti ń bẹ̀rù pé èmi nìkan ló máa pa."

A bu omi lọ síbi àyẹ̀wò. Títí èsì fi dé, èmi ni mò ń gbé omi láti ilé mi lọ fún wọn. À ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, à ń bi ara wa léèrè bóyá inú ń run ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ni yóò gbà mí gbọ́ bí mo bá ní n kò láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí?

Èsì dé: omi mọ́ gaara. Páìpù inú ló lu. Ti ìta dúró. Ìyá Télọ̀ bu omi sínú ife fún mi. Wọ́n wá ní, "Ṣé ẹ ṣì máa máa wá?"

Mo ní, "Ìlànà ni kí n máa wá."

Ìlànà! Alága, ẹ gbọ́ mi? Wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ ọkàn lọ́wọ́ mi, mo fi òfin ìjọba dá wọn lóhùn. Wọ́n gba ife, wọ́n gbé e kọ́ orí ìṣó. Láti ọjọ́ náà, omi yẹn náà ni mò ń mu, ọ̀rọ̀ tí mi ò sọ sì wà nísàlẹ̀. Mo ti páìpù bọ páìpù, mo fi sìmẹ́ǹtì yí i ká. Kò jò rí. Ta ló tún mọ kànga ṣọ́ bí èmi?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ bá mi gbé ẹrù tó wúwo, ẹ ò sì jẹ́ kó hàn pé mo ti ń darúgbó. Ẹni tí mo bá jágbe mọ́ nítorí àti wọ bóòtù, kó forí jì mí. Àbúrò wa obìnrin, ẹnjiníà tó ń gba ipò mi, wọ́n ní láti ọ̀la lọ, géèjì yóò máa ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ, o ò ní nílò láti jáde. Mo bẹ̀ ọ́, máa jáde. Fóònù kì í mu omi.

Èmi ni kò ní nídìí àtijáde mọ́. Kò sí ìlànà tó ní kí n dé ẹnu ọ̀nà yẹn lọ́la. Ẹ̀rọ ìránṣọ yóò máa lọ, kò ní dákẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò bi mí bóyá ilẹ̀ pa ẹnu mọ́? Ìyá Télọ̀, ilẹ̀ ò pa á mọ́ mọ́. Ọwọ́ géèjì ti já, ọmọbìnrin mi sì ti fi ọwọ́ bojú. Ṣé mo ṣì lè máa wá, láìsí ìlànà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́. Kí ni Ìyá Télọ̀ wí? Awakọ̀, ìwọ lo sún mọ́ wọn, bá mi tún un sọ sókè.

Wọ́n ní, "Ẹ bá mi sọ fún Bàbá Géèjì pé láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń dúró kí òùngbẹ gan-an gbẹ wọ́n."

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n tètè ṣàdúrà. Omi ilé yín kò ní kọ̀ yín. Páìpù yín kò ní lu. Ohun tí ẹ bá rì mọ́lẹ̀ kí ayé lè rójú, kò ní yọ sókè láéláé. Èyí tí ẹ rì mọ́lẹ̀ nítorí pé ojú ń tì yín, Ọlọ́run á bá yín gbé e jáde kó tó pẹ́ jù.

Alága, ẹ bá mi fi aago yẹn pamọ́ ná. Òùngbẹ ń gbẹ mí. Ẹ ṣé o.