Ìtàkùn Ọ̀dùnkún Tí Wọ́n Ní Kí N Sun

Èmi ni mo ṣẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí n tó sọ èyí tó dùn níbẹ̀. Mo parọ́, irọ́ náà sì sọ mí di ẹni iyì. Sátidé tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ pín ìtàkùn ọ̀dùnkún kan fún àwọn àgbẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, èmi ni wọ́n sì ní kí n sọ bí mo ṣe rí i.

Oko ìwádìí kan nítòsí Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ni mo ti ń kọ ebè. Àwọn ọ̀gá wa máa ń fi ìtànṣán inú ẹ̀rọ lu ìtàkùn ọ̀dùnkún kí àbùdá rẹ̀ lè yí padà, bóyá a ó rí èyí tí sítáàṣì rẹ̀ pọ̀. Èyí tí kò bá wù wọ́n, sísun ni. Kò gbọdọ̀ jáde lóko.

Wọ́n ní kí n sun ìlà kan tí ewé rẹ̀ kákò. Ẹ jọ̀ọ́, ewé tútù yẹn ló ṣe mí láàánú. Mo gbé e lọ fún ewúrẹ́ ẹ̀gbọ́n màmá mi, Àbẹ̀kẹ́, tí a ń pè ní Màmá Ayépé. Èyí tí ewúrẹ́ jẹ kù, Màmá gbìn ín sẹ́yìn ilé.

Màmá ló ń fọ aṣọ àwọn akọrin ìjọ wọn. Nígbà tí ọ̀dùnkún náà ta, ó rin ín, ó sẹ́ ẹ, ó jẹ́ kó silẹ̀, kó lè fi ṣe sítáàṣì aṣọ. Sítáàṣì tó silẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì abọ́! Ó pè mí.

"Dàpọ̀, kí lẹ fi ń bọ́ nǹkan yìí lóko yín? Wo ẹ̀wù akọrin, ó dá dúró! Ó kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ orin fúnra ẹ̀."

Mo gbé díẹ̀ nínú ọ̀dùnkún náà àti ìtàkùn rẹ̀ lọ bá àwọn ọ̀gá. Wọ́n dán an wò, wọ́n gbìn ín, wọ́n tún dán an wò. Kò sí èyí tó tó o nínú gbogbo oko! Ọ̀gá wa dì mọ́ mi. Wọ́n bi mí pé níbo ni mo ti rí i. Mo ní ó ṣẹ́ kù létí oko, pé èmi ni mo ṣàkíyèsí rẹ̀. Wọ́n fi mí ṣe olórí òṣìṣẹ́ oko. Wọ́n sọ ọ́ ní Ọ̀dùnkún Dàpọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé inú mi ò dùn. Ó dùn! Ohun tí à ń wá la rí. Ṣùgbọ́n ojú tó rí i kì í ṣe tèmi.

Màmá ò mọ irọ́ tí mo pa. Àná ló fi ẹ̀wù tí mo máa wọ̀ ní Sátidé ránṣẹ́. Sítáàṣì ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ló fi ṣe é, ó le gbagidi. Ó ní kí n bá òun wá àga iwájú, kí òun lè gbọ́ mi dáadáa.

Bí mo bá sọ òótọ́, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Kí ni kí n ṣe, ẹ jọ̀ọ́? Gbèsè orúkọ ni mo jẹ Màmá. Ọ̀dùnkún Àbẹ̀kẹ́ ló yẹ kó máa jẹ́. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.