Ẹyẹ Inú Kápẹ́ẹ̀tì Yẹn Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Ìyá Lálè

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún kẹrin rèé tí ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun. N kò sọ ọ́ fún ọkọ mi, n kò sọ ọ́ fún àwọn Aunty tá a jọ ń lọ sí mọ́sáláṣí. Ní Sátidé tó ń bọ̀, wọ́n máa wá gbé kápẹ́ẹ̀tì kan lọ. Tí wọ́n bá gbé e lọ láìjẹ́ pé mo sọ̀rọ̀, n kò rò pé mo tún lè sọ ọ́ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ní Peckham, ní London níbí, lẹ́yìn Rye Lane, ni mo ti ń bá bàbá àgbàlagbà kan ṣiṣẹ́. Ará Iran ni wọ́n. Kápẹ́ẹ̀tì ìlú wọn, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ ta ní kókó kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n ń tún ṣe. Gbígbá ilẹ̀ ni wọ́n gbà mí fún. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìṣẹ́yìn ni mí, ìyá mi hun kíjìpá títí wọ́n fi kú. Nígbà tí mo rí bí Bàbá ṣe ń fa òwú irun àgùntàn yí okùn méjì ká, tí wọ́n ń so ó, tí wọ́n ń gé e, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Bàbá rí i. Wọ́n fún mi ní àpótí ìjókòó, wọ́n ní kí n gbìyànjú. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní ọmọ.

Kápẹ́ẹ̀tì kan wà ní ṣọ́ọ̀bù náà tí kì í ṣe títà. Ìyàwó Bàbá, tí wọ́n ti kú kí n tó débẹ̀, ló hun ún ní fúláàtì wọn ní Stockwell, nígbà tí wọ́n lóyún Lálè, ọmọ wọn kan ṣoṣo. Pupa rẹ̀ jinlẹ̀. Téèyàn bá wá yí sí òdì kejì, á dà bíi pé àwọ̀ mìíràn ni. Ní igun kan, Ìyá Lálè fi kókó ta àwòrán ẹyẹ kékeré kan tí kò sí nínú bátànì. Bàbá ní nígbà tí òun bi í léèrè, ó ní ọmọ inú òun ló ní kí òun fi síbẹ̀.

Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, Bàbá lọ ṣiṣẹ́ abẹ ojú, wọ́n sì lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ Lálè ní Lewisham. Igun tí ẹyẹ wà ti ká sókè. Mo ní kí n bá wọn tẹ́ ẹ kí wọ́n tó dé, kí inú wọn lè dùn. Mo gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e. Fóònù mi dún. Ọmọ mi ló pè láti Ìṣẹ́yìn pé òun ti bímọ, pé obìnrin ni. Mo bú sẹ́kún ayọ̀, mo ń rìn kiri, mo ń ṣàdúà. Òórùn irun tó ń jóná ló pè mí padà.

Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n pe Bàbá lójú ẹsẹ̀. Mi ò pè. Mo gé ibi tó jóná kúrò, mo ta okùn tuntun sí i, mo mú nínú òwú tó ṣẹ́ kù nínú apẹ̀rẹ̀ olóògbé. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi jókòó ti igun yẹn. Bí mo ṣe rántí ẹyẹ náà ni mo ṣe ta á.

Nígbà tí Bàbá dé, ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Àìsàn ojú náà ti pẹ́ jù lára wọn kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n fi ìka wá ẹyẹ náà kàn. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ojú mi ti ń lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá Lálè ṣì wà níbí."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Irọ́ tí mo pa nìyẹn. Láti ìgbà náà, tí a bá ti mu tíì ọ̀sán tán, Bàbá á fi ọwọ́ lé ẹyẹ yẹn, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ìyàwó wọn fún mi, bó ṣe máa ń fi orin ka kókó, bó ṣe máa ń bá òwú tó bá lọ́ pọ̀ jà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo la ẹnu láti jẹ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo wo ojú wọn, tí mo sì tún bu tíì sí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Lálè wá. Ó ti bímọ báyìí, Bàbá sì ti ní kó wá gbé kápẹ́ẹ̀tì náà ní Sátidé tó ń bọ̀, kí ọmọ lè máa rá lórí iṣẹ́ ìyá àgbà. Ó mú fọ́tò kan tó rí nínú ẹrù ìyá rẹ̀ dání. Ìyá Lálè ló wà nídìí òfì, pẹ̀lú oyún ńlá, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹyẹ náà hàn kedere. Ó yí ọrùn padà, ó ń wo ẹ̀yìn. Tèmi ń wo iwájú.

Lálè kò kíyè sí i. Ó dì mọ́ mi, ó ní, "Aunty, ẹ ṣé tí ẹ bá wa tọ́jú iṣẹ́ ọwọ́ Mummy."

Mo yára lọ bu tíì wá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò da igun tó jóná yẹn nù. Ó wà nínú àpótí aṣọ mi. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lánàá: ìrù ẹyẹ náà ṣì kù, kókó bí ogójì, tí iná kò dé. Ọmọ olóògbé ló ni ín. Ṣùgbọ́n tí mo bá fún un, mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ti wá. Bàbá á wá mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ tèmi làwọn ti ń fọwọ́ pa láti ọdún mẹ́rin wá. Wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún ṣọ̀fọ̀ ìyàwó wọn lẹ́ẹ̀kejì nítorí tèmi.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣẹ ẹni tí ẹ fẹ́ràn rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ fún Lálè nìkan, kí n bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí bàbá rẹ̀ gbọ́? Àbí kí n kúnlẹ̀ ti Bàbá, kí n gbé ogójì kókó yẹn sí wọn lọ́wọ́, kí n ní, "Ẹ dárí jì mí, èyí gan-an ni iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó yín"?