Apá Múfú

Ìgbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, tí owó epo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ni mo kọ́kọ́ gbọ́ 'ẹ̀jẹ̀ ríru'. Ní Mafólúkù ni. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ mi: ìjọba fẹ́ mọ bí ara àwọn àgbàlagbà orílẹ̀-èdè yìí ṣe rí. Ṣé wọ́n lè yẹ gbogbo ayé wò ni? Wọ́n á mú ilé kan níhìn-ín, wọ́n á mú ẹnì kan nínú rẹ̀, ẹni yẹn ló dúró fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Nílé tiwa, orí ẹ̀gbọ́n mi ló bọ́ sí, Bàbá Kúdí. Bíríkìlà ni. Iṣẹ́ pọ̀ nígbà náà, gbogbo Èkó ló ń kọ́lé. Ọkùnrin aláwàdà! Àmọ́ orí ń fọ́ ọ… ojoojúmọ́ ló ń so aṣọ mọ́rí.

Nọ́ọ̀sì tí ìjọba rán ò bá a nílé, ó ní òun á padà wá lọ́la. Ni bàbá onílé bá pè wá jọ. "Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ wò, ẹ wá fẹ́ kó jẹ́ ẹni tí orí ń fọ́? Ṣé bí wọ́n ṣe ń gbàlejò nìyẹn? Ẹni tára ẹ̀ le jù la máa gbé síta."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n mú, sà."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, alágídí." Ẹ̀gbọ́n mi gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Kí n máa ka àìsàn fún ọmọ ọlọ́mọ? Múfú, lọ jẹ́ èmi."

Múfú, ayálégbé bíi tiwa, aláàárù ní rélùwéè Òṣòdì! Ọrùn rẹ̀ ki bí ìdí ọ̀pẹ. Ó wọ bùbá ẹ̀gbọ́n mi, ó jókòó. Nígbà tí nọ́ọ̀sì padà dé, ó we aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn lápá.

"Bàbá Kúdí, ṣé orí kì í fọ́ yín?"

"Orí kẹ̀? Àlàáfíà ni, a dúpẹ́!"

"Ẹ̀jẹ̀ yín dáa gan-an, sà."

Ìyá Kúdí fi ìborùn dínu. Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn fèrèsé. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ní kó lọ sílé ìwòsàn, á ní, "Ṣebí ìjọba ti wò mí!" Gbogbo àwọn tó yẹ kó dúró fún náà ńkọ́? Apá Múfú ni ìjọba kà fún wọn.

Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ̀gbọ́n mi ṣubú níbi iṣẹ́, kò sì dìde mọ́. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Lónìí, ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru wà lórí tábìlì mi. Àgbà ni mo fi kọ́ ara mi níwèé, èmi fúnra mi ni mò ń ka nọ́ńbà rẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá ní, "Bàbá, ara ńkọ́?" màá sọ ibi tó ń dùn mí kí n tó dúpẹ́. Apá tiyín gan-an ni kí ẹ nà sí wọn.

Ohun tó lọ nìyẹn: ẹ̀gbọ́n kan, ọkọ kan, bàbá ọmọ mẹ́ta. Àti ilé tó ń kọ́ fún ara rẹ̀ ní Àílégùn, tí kò rí òrùlé.