Àwọn Káàdì Nọ́ọ̀sì

[Fóònù dún. Ariwo ọkọ̀ ojú irin.]

ÀBÚRÒ: Ẹ káàárọ̀, tíṣà. Ẹ kú ìrìn. Ṣé ara yín—

TÍṢÀ: Kí ló dé? Bí o bá ti ń pe ẹ̀gbọ́n ẹ ní tíṣà, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ nìyẹn.

ÀBÚRÒ: Kò sí o. Mo gbálẹ̀ kíláàsì, mo nu pátákó, mo to àwọn káàdì—

TÍṢÀ: Káàdì wo?

ÀBÚRÒ: Káàdì ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n rí wúruwùru, mo bá tò wọ́n ní A, B, D. Inú páálí kan ni gbogbo wọn wà báyìí.

TÍṢÀ: Yéè! O tú wọn ká! Méjì méjì ni mo dè wọ́n! “Dé” pẹ̀lú “fìlà”, “tẹ́” pẹ̀lú “ibùsùn”. Ìmọ́tótó ẹ yìí á pa wá o! Ta ló kàn fún ìdánwò Yorùbá?

ÀBÚRÒ: Nọ́ọ̀sì tó ti òkè òkun wá yẹn. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ń sunkún, ó kàn ń kà á ṣáá: “Bàtà, bu, dé, ẹnu—”

[Ohùn ń já.]

TÍṢÀ: Ṣé o gbọ́ mi? Bó bá feèlì, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lónìí nìyẹn! Fún un ní fóònù!

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ káàárọ̀, mà. Gbogbo ẹ̀ ti lọ. I can't—

TÍṢÀ: Calm down. Gbé káàdì sílẹ̀. Bàbá tí ò ń tọ́jú ńkọ́? Kí lo ṣe fún wọn lánàá?

NỌ́Ọ̀SÌ: Mo... bu omi. Mo fọ ẹnu wọn. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ fún wọn. Mo dé fìlà fún wọn.

TÍṢÀ: Ẹ̀hẹ́n! Ọmọ mi! Ṣé o gbọ́ mi? Má dúró.

NỌ́Ọ̀SÌ: Mo tẹ́ ibùsùn. Mo ṣí fèrèsé. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọn ò fi sílẹ̀—

ÀBÚRÒ: Wọ́n ti ń pè é o!

TÍṢÀ: Ní kí wọ́n dúró! Lẹ́yìn náà ńkọ́?

NỌ́Ọ̀SÌ: Mo jókòó tì wọ́n. Nígbà tó yá... mo pa ojú wọn dé.



TÍṢÀ: Èmi ò kọ́ ẹ ní ìyẹn.

NỌ́Ọ̀SÌ: Rárá, mà. Ìyàwó wọn ni. Màmá ní kí n bá àwọn pa á dé.

TÍṢÀ: Má nu ojú ẹ. Wọlé lọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi, ṣé o gbọ́ mi? Kò sí nǹkan tí mo tún fẹ́ kọ́—

[Ìpè já.]